Àwo Orin Tó Fẹ́ Gba Àga Mi

                                        17, Òpópónà Kerferd,
                                        Preston,
                                        Melbourne,
                                        Australia.
                                        Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Keje, ọdún 2019.

Assunta, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo lẹ ṣe ń bá òtútù yí ní Mildura? Ṣé ìbàdí rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti gbà kí dókítà wo ojú òun, àbí ó ṣì ń fi àfojúdíwọ̀n wa mọ́tò kiri? Mo gbọ́ pé ìrì dídì ba ọsàn yín jẹ́. Ẹ kú àdánù o. Àwa náà wà níbí, ara le, àfi orúnkún mi tó ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

Mo rí i nínú lẹ́tà rẹ pé Vince, àbúrò mi, ti sọ fún ẹ pé wọ́n lé mi kúrò nídìí iṣẹ́. Vince ò mọ nǹkan kan. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ bó ṣe rí gan-an.

O mọ̀ pé ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti wà nínú yàrá ìgbọ́rin ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń tẹ àwo orin. Kí n tó débẹ̀, ìdí páálí ni mo wà, níbi tí a ti ń di àwo, ìdúró láti àárọ̀ títí a ó fi ṣíwọ́. Yàrá ìgbọ́rin ní àga, ó móoru, ó sì ní ilẹ̀kùn tó ṣeé tì. Iṣẹ́ mi ò ju pé kí n mú ẹyọ kan nínú ọgbọ̀n àwo, kí n gbọ́ ọ tán, bó bá ń ta pàrà, tàbí tó ń fò, tàbí tó ń fì, kí n ní rárá. N kì í gbọ́ orin o, ìdọ̀tí ni mò ń gbọ́. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ náà ni mò ń hun súẹ́tà, má sọ ìyẹn fún Vince.

Lóṣù tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ìgbín Tó Ń Fò gbé àwo wọn àkọ́kọ́ wá pé ká tẹ ọ̀ọ́dúnrún. Odindi ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe é. Lachie tó ń ta gìtá ta mọ́tò rẹ̀ sí i.

Assunta, irú orin wo nìyí! Gìtá ń dún bíi pé wọ́n ń ta á lábẹ́ odò. Olórin ń kọrin bí ẹni tó jábọ́ sínú táǹkì omi òjò, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n yọ òun. Ìlù á sún mọ́ ẹ, á tún lọ. Ohùn kan á gba etí ọ̀tún wọlé, á gba tòsì jáde. Nígbà àkọ́kọ́, mo ní orí àwọn ọmọ yìí kò pé. Nígbà kẹta, mo rí i pé mo ti hun apá mẹ́ta sí súẹ́tà ọmọ-ọmọ rẹ. Ó rán mi létí bí a ṣe máa ń dùbúlẹ̀ gbalaja lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù tá a bá ká àjàrà tán, tí oòrùn ti pa wá, tí igi ń kọjá lójú wa, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè rán wa níṣẹ́ mọ́. Mo buwọ́ lù ú pé ó dára.

Ní Ọjọ́ Ajé, bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Graeme ọ̀gá wa já wọlé tòun ti àwo lọ́wọ́. Ihò àárín rẹ̀ kò sí láàárín. Ẹ̀rọ ló yẹ̀, gbogbo ọ̀ọ́dúnrún ló sì rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ti ń yí, abẹ́rẹ́ á máa lọ sọ́tùn-ún sósì bí ọ̀mùtí, orin á sì máa fì.

“Ro, o ò gbọ́ pé ó ń fì ni?”

“Mo gbọ́.”

“O gbọ́, o wá buwọ́ lù ú?”

“Graeme, gbogbo orin wọn ló ń fì! Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ fífì tiwọn yàtọ̀ sí fífì tiwa?”

Ó ní àwọn ọmọ náà ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ilé iṣẹ́ ni yóò tún un tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, èmi á padà sídìí páálí, Sharon tó wà níbẹ̀ á sì gba àga. Ó ti pẹ́ tí Sharon ti ń wo àga yẹn bí ẹni ń wo ẹran lórí iná.

Wọ́n dé lóòótọ́. Ọ̀kan ò wọ bàtà, nínú òtútù yìí! Graeme kọ́kọ́ gbé àwo àyẹ̀wò sórí ẹ̀rọ, èyí tí a tẹ̀ ṣáájú ọ̀ọ́dúnrún yẹn, tí ihò rẹ̀ tọ́, ó wá gbé ti ihò wíwọ́ sí i, kò sọ èwo ni èwo. Wọ́n dijú. Àfi bí Lachie ṣe fò sókè pé èkejì ni tàwọn, pé oṣù mẹ́rin lòun fi wá irú fífì yẹn tóun ò rí i. Ti ihò wíwọ́ ni o! Eyín Graeme hàn síta. Onílù ń jẹ bisikíìtì mi ní tirẹ̀.

Bronte, ọmọbìnrin tó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, ló yíjú sí mi. “Àǹtí Ro, ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ jù. Èwo ló dára?”

Graeme ṣẹ́jú sí mi. Gbólóhùn kan péré ló kù kí àga mi má kúrò lábẹ́ mi. Ṣùgbọ́n mo rántí mọ́tò tí wọ́n tà. Mo ní ti àkọ́kọ́ ni. Mo ní òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orin kẹrin bó ṣe yẹ, níbi tí Bronte fúnra rẹ̀ ti ń dá kọrin pẹ̀lú gìtá kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ló dà bí ìgbà téèyàn sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, tẹ́sẹ̀ ẹ̀ kan ilẹ̀. Ibẹ̀ ló jẹ́ kí ìyókù dùn. Nínú ti ihò wíwọ́, ilẹ̀ náà ń fì, kò síbi téèyàn á dúró sí.

“Ṣé ẹ gbọ́!” Bronte figbe ta sáwọn yòókù. “Ẹ ní kó fì, mo ní kó dúró!”

“Bronte, jọ̀ọ́, má bẹ̀rẹ̀,” Lachie bẹ̀ ẹ́.

“Mo ti bẹ̀rẹ̀!”

Àṣé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti fi jà lórí orin yẹn. Onílù gbé bisikíìtì mì, ó ní ti Bronte lòun ń ṣe. Ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n lọ gbogbo àwo náà kúnná, wọ́n yọ́ ọ. Nígbà tí Vince wá gbé mi ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ìdí páálí ló bá mi, Sharon sì wà lórí àga. Ohun tó ń rò kiri nìyẹn.

Ohun tí kò dúró gbọ́ rèé. Ní Ọjọ́rú tó kọjá, wọ́n gbé àwo àwọn ọmọ náà tí a tún tẹ̀ fún Sharon, ihò wà láàárín géérégé. Ó gbọ́ èkíní, ó ní rárá. Ó gbọ́ èkejì, ó ní rárá. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ní kí wọ́n lọ gbogbo rẹ̀ kúnná. Graeme fi rúlà wọn ihò títí ojú ẹ̀ fi pọ́n.

“Sharon, kí ló ṣe é gan-an?”

“Ó ń fì! Èmi ò ní ṣe bíi ti Ro!”

Graeme rìn wá sídìí páálí. “Ro, dìde.” Mo ní ìdúró ni mo wà. “Ó dáa, wá jókòó.” Mo ní ó dìgbà tó bá kọ ọ́ sórí ìwé pé àga náà ti di tèmi, kó sì fi ìrọ̀rí sí i. Ó kọ ọ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Bronte ló fún mi ní àwo tí mo fi sínú páálí yìí. Bí ọkọ rẹ bá ní ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́, sọ fún un pé kó dákẹ́, kó dúró de orin kẹrin.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Rosaria.