Yímíyímí Igbó Kì Í Ṣe Ti Pápá

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìsinmi lẹ́yìn iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ igbó. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Decatur ní Amẹ́ríkà níbí, mo kí màmá mi pẹ̀lú. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Òtútù ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Aunty tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn ti máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́ shift wọn kí n tó jí, ilé á wá pa lọ́lọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi. Nígbà tí mo ń bọ̀ wá kọ́ ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò, ẹ kó yímíyímí dúdú oníwo sínú ìgò méjì, ẹ rọ ògógóró lé wọn lórí kí wọ́n má bàa jẹrà. Ẹ lẹ ìwé mọ́ ọ̀kan pé "ti igbó", ẹ lẹ òmíràn mọ́ èkejì pé "ti pápá màlúù". Ẹ ní ẹbí ni wọ́n, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Bàbá, ojú tì mí láti gbé ìwé tí ẹ fi Yorùbá kọ síwájú àwọn ọ̀gá mi. Mo ya á dànù, mo da ìgò méjèèjì pọ̀, orúkọ ìlú wa nìkan ni mo kọ sára àpótí tí mo kó wọn sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi wo inú rẹ̀, wọ́n ní irú kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀, ayé sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo ń fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣóńṣó ìwo àwọn kan là sí méjì, ẹ̀yìn wọn kún fún ihò wínníwínní tí irun hù nínú rẹ̀. Ti àwọn yòókù kò là, ẹ̀yìn wọn sì ń dán. Irú méjì ni wọ́n lóòótọ́, bí ẹ ṣe sọ. Mi ò mọ èyí tó ti igbó wá mọ́, láìmọ ìyẹn, ẹjọ́ mi ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ìdí tí mo fi pè yín lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Mi ò jẹ́wọ́, mo kàn bi yín bí ẹ ṣe ń dá wọn mọ̀. Ẹ ní, "Ti igbó kì í dán. Fọwọ́ pa á lẹ́yìn, á ha ọ́ lọ́wọ́." Ẹ ò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ẹ gbé orúnkún yẹn padà wọ igbó, ẹ tún kó ti igbó àti ti pápá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ fi rán ìyá ìjọ wa tó ń bọ̀ wá síbí.

Gbogbo akọ tó ti igbó wá ni ìwo rẹ̀ là. Kò sí ẹyọ kan tó là nínú ti pápá. A yẹ ẹ̀yà ìbímọ wọn wò, ìyẹn náà yàtọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ lójú gbogbo wa pé àwọn fúnra wọn ló ṣì í.

Wọ́n fẹ́ fi orúkọ yín pe irú tuntun ti igbó yìí. Ẹ rẹ́rìn-ín lórí fóònù, ẹ ní kí a má fi orúkọ yín sára ohun tó ń jẹ ìgbẹ́, kí a fún un ní orúkọ odò wa. Bẹ́ẹ̀ la ṣe.

Ẹ forí jì mí, Bàbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n bi mí ní yunifásítì tí ẹ lọ. Mo ní ọgbọ̀n ọdún lẹ fi rìn nínú igbó kan ṣoṣo. Wọ́n wá kọ orúkọ yín kún tàwa tó kọ ìwé ìwádìí nípa rẹ̀. Ẹ ò lè sọ pé ẹ ò fẹ́ ìyẹn. Mo ti bá yín gbà á.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, á fi òróró sí eegun yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni,
Bùkọ́lá, ọmọ yín.