Fíìmù Ẹlẹ́rù Tí Kò Ba Ẹnikẹ́ni Lẹ́rù

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Mo kúnlẹ̀ kí Bàámi. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Bísí àtàwọn ọmọ. Ara mi le ní Lásùnwọ̀n níbí. Òjò Ìkòròdú nìkan ni kì í jẹ́ kí aṣọ tí mo bá sá gbẹ.

Mo mọ̀ pé àwọn ará Ìkirè tó wà níbí ti ròyìn fún yín pé wọ́n fi fíìmù wa rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún yín, kí gbogbo ayé sì gbọ́.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n to gbogbo ohun tí wọ́n bá yà pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kí n gé èyí tí kò wúlò dànù. Rájí, ọ̀gá mi, ló kọ ìtàn náà: obìnrin kan kú sínú ọ̀sà, ó wá ń padà wá sílé ọkọ rẹ̀. Ejinrin la ti yà á, nínú ilé àtijọ́ kan létí omi. Ọwọ́ wa ò fi bẹ́ẹ̀ dẹ̀, pàódà ọmọdé la fi kun ojú òkú, aṣọ ìbora mi ló sì ró. Ìyá Orímisan, opó apẹja kan tó jẹ́ ará Ìlàjẹ, ló ń se oúnjẹ fún wa.

Ọ̀sán Sátidé la kọ́kọ́ fi han àwọn èèyàn ní Ìkòròdú. Fíìmù ò tíì lọ jìnnà tí òkú fi yọ lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin kan kí i pé ẹ káàsán mà. Ẹlòmíì ní òkú yìí mà sanra o. Ẹ̀rín sọ. Rájí bọ́ síta, ṣùgbọ́n èmi jókòó títí ó fi parí, torí ọwọ́ mi ló tò ó. Nígbà tí mo délé, mo mú fóònù pé kí n pè yín, mo tún gbé e sílẹ̀. Ẹ ti sọ fún mi pé kí n má fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú yàrá mi, Màámi.

Rájí ní ká gbàgbé fíìmù náà, òun ń padà sídìí búlọ́ọ̀kù gígé. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá Ìyá Orímisan ní Ejinrin. Ó wò ó tán, kò rẹ́rìn-ín. Ó wá sọ fún mi pé nígbà tí ọkọ òun lọ sódò tí kò dé, kì í ṣe òkú rẹ̀ ló ba òun lẹ́rù. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá gbọ́ tí àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi ń lu omi, ni àyà òun máa ń já pé bóyá ọkọ òun ló ń bọ̀, bóyá kì í ṣe ọkọ òun. Ó ní àwa ti fi òkú han èèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ni kí wọ́n tún máa retí?

Mo padà sílé, mo gé òkú kúrò. Ìró àjẹ̀ ni mo fi rọ́pò rẹ̀, àti ipa ẹsẹ̀ tútù nílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìparí nìkan lẹ ó ti rí obìnrin náà, ẹ̀yìn rẹ̀ lásán. Rájí ní àwọn èèyàn á béèrè òkú. Mo ní kí wọ́n máa wá a.

A gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́, sí yàrá kan nítòsí ọjà ẹja. Nígbà tó dé àárín, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ara wọn. Alàgbà kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rọra dìde, ó lọ há ara rẹ̀ sáàárín èrò. Bí àjẹ̀ ṣe dún kẹ́yìn, ẹnì kan di èjìká mi mú. Mo wẹ̀yìn, Ìyá Orímisan tó bá wa wá láti Ejinrin ni. Ó mọ ibi tí ìtàn náà ń lọ, síbẹ̀ kò tú èjìká mi sílẹ̀. Mo gbé ọwọ́ mi lé tirẹ̀, a jọ wò ó parí.

Màámi, mo ti mọ iṣẹ́ yìí. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, àtọmọdé àtàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́