Fọ́ọ̀mù fún Fọ́tò Kẹwàá

Ọ̀gá Kékeré, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé ò fi ariwo pa ọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níbí á máa ṣọ́ ọ lọ́hùn-ún, o ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àmín. Ara tèmi le, ara ìyá rẹ náà le, orúnkún nìkan ló ń dùn ún, ẹnu rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Má bínú pé ìwé ni mo kọ, mi ò pè ọ́. Fóònù yẹn, kí n tó kí ọ tán ni obìnrin kan á ti dá sọ́rọ̀ wa pé owó mi ti tán, mo sì ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé ọmọ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀, kó mú sùúrù, kò gbọ́. Pẹ́ńsù tí mo fi ń fa ìlà sára pákó ni mo fi kọ èyí, bí o bá rí i tó nípọn, kì í ṣe pé mò ń jágbe mọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ, Abíkẹ́yìn, ló wà nílẹ̀. Nílé ìwé girama wọn, wọ́n ti ń kọ́ wọn ní fọ́tò yíyà báyìí, tíṣà sì ń fún wọn ní máàkì lé e lórí bíi ti ìṣirò. Mo ní ṣé ẹni tó jókòó ni wọ́n ń fún ní máàkì ni àbí ẹni tó tẹ nǹkan, ó ní ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ ò rí ayé! Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ya fọ́tò mẹ́wàá ni, kó pè é ní "Àwọn Ará Ilé Mi", wọ́n á wá gbé gbogbo rẹ̀ kọ́ sára ògiri gbọ̀ngán ilé ìwé lọ́jọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù yìí, kí àwọn òbí wá wò ó. Ilé ìwé ló ni kámẹ́rà, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ọmọ kan ń lò ó. Nígbà tó kàn wá, mo kan àpótí fún un, mo fi kọ́kọ́rọ́ sí i, mo ní kí Abíkẹ́yìn má yọ ọ́ síta rárá, nǹkan olówó ńlá ni. Ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ máa ya fọ́tò látinú àpótí. Mo lu ihò kan sí i.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ yà mí, mo wọ kóòtù tí mo wọ̀ níjọ́ tí o jáde ilé ìwé, mo so táì, mo jókòó ṣinṣin, mi ò mí, mi ò ṣẹ́jú. Ọmọ yìí kàn ń wò mí ni, ó ní kí n máa ṣe iṣẹ́ mi lọ. Nígbà tó sú mi, mo bọ́ kóòtù, mo padà sídìí pákó mi, àṣé ẹ̀yìn ló máa gbà, ó ya ẹ̀yìn mi àti ìgúnpá mi. Mo ní ta ló fẹ́ fi ìgúnpá dá mi mọ̀? Ìyá rẹ ní òun mọ̀ ọ́n, ó ti ń gún òun láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra. Tìyá rẹ náà, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì nínú ọṣẹ, kò sí orí. Mo rò pé kámẹ́rà yẹn ló kéré, kò gba odidi èèyàn.

Èmi ni mo kan férémù. Mẹ́wàá ló bẹ̀ mí, mo kan mẹ́wàá, mo ní kó kó fọ́tò wá kí n wọ̀n ọ́n wò. Mẹ́rin jẹ́ tìyá rẹ, mẹ́ta tèmi, méjì ti màmá àgbà níbi tí wọ́n ti ń sùn. Ìkẹwàá ló ń fi pamọ́ sẹ́yìn. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ayùn rẹ ni.

Ayùn rẹ, Ọ̀gá Kékeré, lórí ìṣó tí o fi kọ́ sí níjọ́ tí ò ń lọ, tí o ní oṣù mẹ́ta péré lo máa lò, ọdún kẹrin rèé. Eruku pákó bo ògiri, ó bo fèrèsé, ó bo tábìlì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ayùn ń dán gbinrin. Abíkẹ́yìn ní tíṣà bi òun ìdí tí ayùn nìkan ò fi ní eruku, òun sì sọ pé gbogbo àárọ̀ Sátidé ni bàbá òun máa ń fi òróró nù ún, tí á sì dá a padà sórí ìṣó láìfi gé nǹkan kan. Ojú tì mí. Mi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wò mí. Kó má baà dógùn-ún ni mo ṣe ń nù ún o, má jẹ́ kí wọ́n sọ nǹkan míì fún ọ.

Ìgbà tí fọ́ọ̀mù dé ni wàhálà wá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá wà nínú fọ́tò gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ̀wé níwájú tíṣà pé òun gbà kí wọ́n gbé e kọ́. Mo lọ, mo tọwọ́ bọ tèmi, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀yìn àti ìgúnpá nìkan ni mo fọwọ́ sí, kóòtù mi ò sí níbẹ̀. Ìyá rẹ tọwọ́ bọ tirẹ̀. A gbé màmá àgbà lọ, àwọn náà tẹ̀ka. Mo wá béèrè fọ́ọ̀mù ìkẹwàá. Tíṣà yìí, obìnrin kan tó máa ń gbé gíláàsì sórí irun bí ẹni pé àtàrí ló fi ń ríran, ní kò sí fọ́ọ̀mù fún ìyẹn, torí kò séèyàn nínú rẹ̀. Mo ní báwo ni kò ṣe séèyàn nínú rẹ̀? Mo ní ọmọ mi nìyẹn! Ó ní ayùn lòun rí. Mo ní kó fa gíláàsì sọ̀kalẹ̀ sójú. Ó fà á sọ̀kalẹ̀, ó wò ó títí, ó wo èmi náà, ó mú fọ́ọ̀mù kan jáde, ó kọ "ẹ̀gbọ́n" síbi tó yẹ kí orúkọ wà.

Ó ní òun lè fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, kí o fi ìka tọwọ́ bọ̀ ọ́ níbẹ̀. Mo ní rárá o, níwájú tíṣà ni wọ́n kọ, èèyàn ò lè wà níwájú ẹnì kan látinú fóònù. Mo sì ní kí wọ́n má gbé e kọ́ títí o fi máa dé, a kì í fi nǹkan ẹlòmíì ṣe ọ̀ṣọ́ láìgbàṣẹ. Abíkẹ́yìn sunkún títí, ó ní fọ́tò mẹ́sàn-án kì í ṣe mẹ́wàá, máàkì òun á lọ sílẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì dáa jù nínú gbogbo ohun tí òun yà. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́ lẹ́nu mi. Férémù ìkẹwàá wà lórí tábìlì, kò sí nǹkan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ pákó tí mo ti ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo fi kàn án.

Ìgbàkígbà tí mo bá kọ̀wé sí ọ, owó ni mo máa ń béèrè níparí, o sì máa ń fi ránṣẹ́, Ọlọ́run á bù sí i fún ọ. Ti oṣù yìí, má fi ránṣẹ́. Fi wọ mọ́tò. Ọjọ́bọ̀ ni kí o wọ̀ ọ́, kí o lè jí nílé láàárọ̀ Ẹtì. Bí o bá ní ọ́fíìsì ò fún ọ láyè, fi ìwé yìí han ọ̀gá rẹ, sọ fún un pé ilé ìwé ló ń pè ọ́ láti wá tọwọ́ bọ̀wé, o ò purọ́. Bó bá ní ayùn kì í ṣe èèyàn, kó wá bá mi.

Àárò rẹ ń sọ ìyá rẹ. Ó ń sọ èmi náà, pàápàá láàárọ̀ Sátidé.

Ẹsẹ̀ rẹ á mọ̀nà ilé, ọwọ́ rẹ ò ní gbàgbé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ mọ̀, ibi tí o bá dé, wọ́n á fi ọ̀yàyà gbà ọ́. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà.

Mo gbàgbé. Òróró tí mo fi ń nu ayùn yẹn ti ku ìdí ìgò. Mo gbé e wò, ó ku ti Sátidé kan ṣoṣo. Ìwọ ni kí o fi nù ún.