Ìta Wo Ni Bàbá Ń Pè Ní Ìta?

Arábìnrin Lorna, ẹ kú ètò o, ẹ sì kú òtútù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á mọ ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, yìnyín já wáyà iná ládùúgbò wa. Bàbá ọkọ mi fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀. Mo ní, "Bàbá, ìta ni kẹ́ ẹ gbé e sí o."

Wọ́n ní, "Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń tan jẹnẹrétọ̀."

Kò pé wákàtí kan tí orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ mi, tí ọmọbìnrin mi ń bì. Mo ṣílẹ̀kùn àká màlúù, èyí tó so mọ́ ilé ìdáná wa, mo bá jẹnẹrétọ̀ tó ń ké níbẹ̀. Lẹ́nu àwọn àgbà ibí, àká náà ni ìta. Bí wọ́n bá ní àwọn ń lọ síta, màlúù ni wọ́n ń lọ wò.

Ẹsẹ̀ lásán la fi sáré jáde sínú yìnyín. Mo pe àwọn panápaná, wọ́n ní kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sílé tó ogún ẹsẹ̀ bàtà, kí ihò èéfín rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sílé.

Látìgbà náà, Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní mo kó panápaná wá dójú ti àwọn. Ọkọ mi ní kí n lọ bẹ̀ wọ́n. Yìnyín sì tún ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Ṣé kí n bẹ̀ wọ́n ni, Arábìnrin Lorna? Bẹ́ ẹ bá ní kí n bẹ̀ wọ́n, màá bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n dá bátìrì ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ èéfín padà. Inú rédíò tí wọ́n fi ń gbọ́ yín báyìí ló wà.