Bá Mi Kí Àwọn Eku Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Báwo ni ara, báwo ni iṣẹ́, báwo ni àwọn eku? Mo ní kí n tètè béèrè wọn, torí mo ti wá mọ̀ pé ọwọ́ wọn ni oúnjẹ rẹ wà. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ yóò máa ṣọ́ wọn. Ìyá rẹ kí ọ. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún, òun náà sì ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀.

Ìwé ìwádìí tí o kọ ti dé ọwọ́ wa. Tíṣà tó múlé tì wá ló rí i lórí fóònù rẹ̀, ló bá lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ilé kọ̀ǹpútà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Mo rí orúkọ ìdílé wa lókè gbàgàdà, orí mi wú. Àmọ́ nígbà tí mo rí àwọn èèyàn rẹpẹtẹ tó tò tẹ̀lé ọ, àyà mi já. Nígbà tí mo fẹ́ gba iṣẹ́ ọdẹ ní ilé ìlagi, onídùúró méjì péré ni wọ́n ní kí n mú wá, mo wá ń rò ó pé kí lọmọ yìí fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n fi ní kó kó odidi àdúgbò wá? Tíṣà ní ẹ jọ ṣiṣẹ́ náà ni. Ó dáa, kú iṣẹ́, kí àwọn náà kú iṣẹ́. Lẹ́yìn ìwé, o tún to orúkọ àwọn mìíràn sílẹ̀ pẹ̀lú ọdún wọn. Mo wá èmi àti ìyá rẹ níbẹ̀ títí, mi ò rí wa. Mi ò bínú, mo mọ̀ pé ìwé mìíràn ń bọ̀.

Tíṣà wá ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó ní o sọ pé ara èèyàn ní ọdẹ tirẹ̀, pé jẹjẹrẹ kì í bá ọdẹ náà jà, ńṣe ló máa ń kí i bí ará ilé tí ọdẹ á fi jẹ́ kó kọjá, oògùn yín ló wá ń la ọdẹ lójú kó lè dá olè mọ̀. Mo fò dìde lórí àga! Ohun tí mo ti ń sọ fún ọ̀gá wa ní ilé ìlagi láti ọjọ́ tí pákó ti sọnù níbẹ̀ nìyẹn, pé mi ò sùn, olè yẹn wọ aṣọ òṣìṣẹ́, ó sì kí mi dáadáa. Mo mú ìwé náà lọ fún un. Ó kà á, ó yí i sókè yí i sódò, ó ní òun ò rí pákó níbẹ̀, àmọ́ ó ní kí n jókòó, kò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí ni pé eku ni ẹ fún ní oògùn náà. Tíṣà ní kókó ara wọn yọ́ pátápátá, wọ́n sì ń sáré kiri. Mo ní háà, ṣé eku tó ń gé wa láṣọ jẹ nílé yìí náà ni mo ṣe rán ọmọ níléèwé? Ìyá rẹ ní kí n panu mọ́, pé ẹni tó lè wo eku tí kò lè sọ ibi tó ń dun òun sàn, kí ló kù tí kò lè wò.

Àbúrò mi obìnrin, aránṣọ tó ń rán yunifọ́ọ̀mù fún ọ ní kékeré, wà níbẹ̀ tó ń rán bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù mi. Bí tíṣà ṣe jáde, ó fa ìyá rẹ wọ yàrá, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọmú òsì. Kókó wà níbẹ̀, ọmọ mi, ó sì ti pẹ́. Gbogbo bùbá rẹ̀ ló ti tú tó tún rán kó lè fẹ̀, kí ojú wa má bàa rí i. Nọ́ọ̀sì ti ní kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ó kọ̀, ó ní wọ́n á gé òun dànù bí àjákù aṣọ. Ìyá rẹ sunkún, èmi náà sunkún. Àmọ́ bí èèyàn ń sunkún, á máa ríran: ó ti wá gbà láti wá sí ilé ìwòsàn tó wà lọ́dọ̀ rẹ, ó ní bí ọmọ òun bá lè fi sùúrù tọ́jú eku tó bẹ́ẹ̀, kò ní fi ọ̀bẹ pàdé òun lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó ti nu ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ti da aṣọ bò ó. Ọjọ́rú ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ àti èyí tó máa ná ní ilé ìwòsàn. Tíṣà ní orí fóònù ni owó ń gbà wọlé, nítorí náà mo ti tan tèmi, mo gbé e sí ojú fèrèsé, ibi tí ọ̀nà ti là dáadáa.

Ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n. Ohun tí o bá dáwọ́ lé yóò yẹ ọ́. Bí o ṣe gbé orúkọ wa ga, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ yóò gbé tìrẹ.

Ohun kan ló kù, àbúrò mi ò sì mọ̀ pé mo kọ ọ́. Mo bi tíṣà bóyá gbogbo eku náà ló rí oògùn gbà. Tíṣà ò mọ irọ́ pa, ó ní ẹ pín wọn sí ọ̀nà méjì, omi lásán ni ẹ fún apá kan, àwọn yẹn sì kú. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é káàkiri ayé nìyẹn, mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n tó bá dé ọ̀dọ̀ yín, tí ẹ bá ń pín wọn, ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, má fi àbúrò mi sí ọ̀dọ̀ àwọn olómi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.