Kọ̀ǹpútà Ìyá Bọ́sẹ̀

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀

Ìyá Bọ́sẹ̀, ìyàwó mi, kú lóṣù Ẹrẹ́nà. Mi ò mọ̀wé, inú fóònù ni mo ń sọ èyí sí.

Kúnlé, àbíkẹ́yìn wa, wá láti Òkè-Ìlẹ̀wọ́ lónìí. Ó ní ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ìyá òun ṣiṣẹ́ ti gbó, Linux lòun fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Àṣé oríṣiríṣi ni Linux. Ó ní Mint rọrùn fún àgbàlagbà, àmọ́ Bazzite ló wu òun, torí géèmù.

"Géèmù ta ni?"

"Tèmi náà ni, Bàbá. Mo lè máa wá gbá bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà níbí."

"O ò wá kí mi láti ọjọ́ yìí, ṣé bọ́ọ̀lù ló máa gbé ẹ wá?"

Ó rẹ́rìn-ín. Mo bi í léèrè ayò tí èmi àti ìyá rẹ̀ jọ ń ta lórí kọ̀ǹpútà náà. Ó ní àwọn àwòrán àdìrẹ ìyá òun kò ní sọnù, ṣùgbọ́n ayò tí a ò tíì ta tán máa pa rẹ́, èyíkéyìí tí a bá yàn.

Mo ní kó má fọwọ́ kàn án.

"Bàbá, ṣé tiyín ni?"

Ó dùn mí, àmọ́ kò parọ́. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ ló ń jogún ìyá, kì í ṣe ọkọ.

Bọ́sẹ̀ ni àkọ́bí. Mo ti ní kí Kúnlé gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá a ní Papalanto. Mint ni o, Bazzite ni o, kí Bọ́sẹ̀ yan èyí tó bá wù ú. Kó ṣáà kọ́kọ́ wo ayò yẹn kó tó pa á rẹ́. Ìyá rẹ̀ ló kàn láti ta.