Ọmọ Méjì, Ìwé Kan, Ọ̀nà Yamoussoukro

Ìyá mi, kí n tó kí yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ohun tí mo jẹ yín padà. Ìwé ìbí Rámọ́tà wà lọ́wọ́ ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ béèrè rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní ó sọnù. Kò sọnù. Irọ́ ni mo pa fún yín.

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà wa. Mo kí Bọ̀ọ̀dá mi àti ìyàwó wọn, mo kí àwọn ìyá ilé wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹsẹ̀ yín ti fúyẹ́? Rámọ́tà ńkọ́, àkọ́bí mi tí ẹ ń bá mi tọ́?

Níbí ní Bouaké, ọyẹ́ ti gba ojú ọjà. Eruku ń bo àwo tí mò ń tà, mò ń nù ún, ó tún ń bò ó. Bàbá àwọn ọmọ ṣì wà ní Korhogo níbi tó ti ń tajà. Èmi àti Sídíkà, àbúrò Rámọ́tà, nìkan ló wà nílé ní àdúgbò Ahougnansou, kò sí ẹni tí mo lè sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún.

Yamoussoukro ló fà á. Olùkọ́ Sídíkà ní òun máa kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ wo ìlú náà, olú ìlú ilẹ̀ tí a wà yìí. Láti ọjọ́ náà, ọmọ yìí ò jẹ́ kí etí mi sinmi. Ó ní wọ́n ti ya ìlú náà sórí ìwé kí wọ́n tó kọ́ ọ, títì rẹ̀ fẹ̀ tó oko, iná tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ojú ò fi ríran mọ́. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì kan wà níbẹ̀ tí orí rẹ̀ rí bí igbá tí wọ́n dojú dé, àti àwọn ọ̀nì tó ń sùn létí omi. Mo ti kọjá níbẹ̀ rí, òótọ́ ló sọ. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lórí fóònù, ẹ ní ẹ̀ ń mú Rámọ́tà bọ̀ kí ẹ wá fojú rí i kí ọjọ́ tó lọ.

Ibẹ̀ lẹ̀rù ti ń bà mí. Kọ́ridọ́ọ̀ wà lójú ọ̀nà náà, níbi tí àwọn jàndámù, ọlọ́pàá ológun ibí, ti ń dá mọ́tò dúró láti wo ìwé. Ọmọ méjì ni mo bí, ìwé kan ni mo ní.

Ẹ rántí ìgbà tí ẹ wá bá mi wẹ Sídíkà. Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, ẹ mú Rámọ́tà, ọmọ ọdún méjì, lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjà ò jẹ́ kí n lọ kọ orúkọ ọmọ tuntun títí àkókò tí ìjọba fún wa fi kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, kóòtù nìkan ló kù tó lè fún un ní ìwé, kóòtù sì ń gba owó, ó tún ń gba ọjọ́ ọjà. Nígbà tí Sídíkà tó lọ ilé ìwé, mo rí ìwé Rámọ́tà nínú àpótí. Mo ní ẹni tó ni ín ò sí níbí, kí ni n ó tún ra ohun tí mo ti ní sí? Mo fi ìwé ẹ̀gbọ́n mú àbúrò wọlé. Rámọ́tà ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ gba ìwé àwọn tó ń lọ lọ́wọ́ àwa ìyá wọn. Ó wo ìwé, ó wo ọmọ. Ó ní, "Ìyá Anago," bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, "ọmọ ọdún mẹ́rìnlá rèé? Àbí ẹ máa ń ta oúnjẹ rẹ̀ mọ́ àwo ni?" Àwọn ìyá yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bí olùkọ́ bá rí i, ṣé jàndámù ò ní rí i?

Mo gba ìwé padà, mo ní kò lọ mọ́. Sídíkà ò sunkún. Ó ní, "Màmá, ìlú yẹn ti ní ìwé kó tó di ìlú. Èmi ńkọ́?"

Mo ti lọ sí kóòtù. Wọ́n ní kí n mú ọjọ́ ìbí rẹ̀ wá gan-an, mi ò sì rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àfáà kọ ọ́ sí ẹ̀yìn Kùránì yín lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Kí Bọ̀ọ̀dá ya á ní fọ́tò, kí wọ́n fi ránṣẹ́. Bí adájọ́ bá bi mí pé ta ló ń jókòó ní kíláàsì, n ó jẹ́wọ́. Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa fi mí ṣe. Ti Rámọ́tà tún ń bà mí lẹ́rù ju ti adájọ́ lọ. Ẹ ka lẹ́tà yìí sí i létí, kó mọ̀ pé èmi ni mo mú orúkọ rẹ̀, kì í ṣe àbúrò rẹ̀.

Mo gbà kí ẹgbẹ́ àwa Yorùbá níbí tẹ lẹ́tà yìí jáde, torí inú àpótí tèmi nìkan kọ́ ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà.

Ẹ má tíì gbéra. Ọlọ́run á fi ọjọ́ kún ọjọ́ yín, ẹ̀yin àti ọmọ méjèèjì ẹ ó jọ rìn ní títì gbọọrọ náà, oníkálùkù pẹ̀lú ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Àlàrùbá ni kóòtù ní kí n wá. Èmi ọmọ yín ń retí èsì yín ní Àtàlátà.